Kí N Tó Ra Ìbọn Ìléwọ́ ní Houston

Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ìgbẹ́ ní Òkè-Ògún. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ṣakabùlà rẹ̀ gùn jù mí lọ. Tó bá ti ìgbẹ́ dé lóru, ìyá mi á ti gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀ dè é, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan omi náà títí yóò fi gbé ìbọn kọ́ sókè àjà. Lẹ́yìn náà ni yóò na ọwọ́ sókè nínú òkùnkùn, tí yóò fi àtàǹpàkò wá òòlù ìbọn náà kàn, irin ẹ̀yìn tó ń gbá a kó tó yìn, kó lè mọ̀ bóyá ó wólẹ̀ tàbí ó ṣì wà nínàró. Kì í tan iná. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń sọ fún un bóyá ìbọn ti sùn.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo rí i bẹ́ẹ̀. Houston ni mo wà báyìí, nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mo sì sábà máa ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ìbọn ìléwọ́ kan. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́ fún àwọn obìnrin kan nínú ìjọ wa, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Àǹtí, èwo lẹ rà? Èwo ló dára jù?" Orúkọ ìbọn ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ kan lónìí, ọ̀la ni wọ́n máa lọ rà á. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Kí èèyàn tó béèrè orúkọ, ó yẹ kó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kó wo ilé tó ń gbé, kó sì wo àwọn tó ń sùn nínú ilé ọ̀hún.

Ọkọ mi ń wa tírélà. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, ó wà ní Oklahoma, èmi náà ò sì lọ síbi iṣẹ́. Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá a tì í. Mo kó àwọn ọmọ méjèèjì sínú bálùwẹ̀, mo pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí, mo sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ odó tí mo fi ń gúnyán lọ́wọ́ mi. Onítọ̀hún lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá dé. Nǹkan kan ò sọnù, ṣùgbọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́ ni mo ń wo ọmọ odó yẹn, tí mo ń bi ara mi pé ká ní ó wọlé ńkọ́.

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé òfin ibí yàtọ̀. Nílé, Òfin Ìbọn ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun ìjà tí aráàlú ò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Ààrẹ. Ìbọn ọdẹ ni tiwa. Ní Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin ò sì dè lọ́nà láti ní ìbọn, lè gbé ìbọn ìléwọ́ jáde láìní láísẹ́ǹsì. Ẹ má fi ojú kéré wo "tí òfin ò dè lọ́nà" yẹn o. Ẹni tó wà níbí lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ dè é lọ́nà, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba àyè díẹ̀. Ẹni tó ní green card lè rà á. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ yín sórí fọ́ọ̀mù 4473, wọ́n á sì yẹ orúkọ yín wò lọ́dọ̀ FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀. Àbúrò wa kan tó ń kàwé níbí bẹ̀ mí pé kí n bá òun ra ọ̀kan ní orúkọ mi. Mo kọ̀ fún un. Ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀ fún èmi, kò sì sí bí òun náà ṣe máa bọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbọn.

Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó sì gbé rìfọ́fà kékeré kan, ìbọn tí ọta rẹ̀ ń wà nínú irin tó ń yí po, sórí gíláàsì, ìdímú rẹ̀ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí aṣọ ọmọ tuntun. Ó ní ìbọn obìnrin nìyẹn. Ọta márùn-ún ló ń gbà, oríṣi tí wọ́n ń pè ní .38 Special. Láti 1950 ni ilé iṣẹ́ Smith & Wesson ti ń ṣe irú rìfọ́fà kékeré ọlọ́ta márùn-ún bẹ́ẹ̀, ó sì ní ìdí tó fi pẹ́ lọ́jà. Kò ní àpò ọta tí à ń tì bọ inú ìdímú, tó lè sọnù. Kò sí irin tí ẹ máa fà sẹ́yìn kó tó ṣiṣẹ́. Òòlù ti èyí tí mo rí wà nínú, kò sì lè kọ́ mọ́ aṣọ inú báàgì. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, kò tó ìdajì kílò. Mo gbé e, ó fúyẹ́ bí ìwé. Díẹ̀ ló kù kí n sanwó.

Àgbàlagbà obìnrin kan tó ń kọ́ni níbi ìdánrawò ló gbà mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ háyà irú rẹ̀, kí n sì fi yìn. Mo dúró ní yáàdì 7 sí páálí tí a ń yìnbọn sí, mo yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ba páálí. Ìgbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìdí àtàǹpàkò mi wú débi pé mo fi ọwọ́ òsì gbé síríńjì.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé èèyàn. Agbára tí ọta fi ń lọ síwájú, irú rẹ̀ ló fi ń ti ìbọn padà sẹ́yìn. Tí ìbọn bá wúwo, ara rẹ̀ á gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Tó bá fúyẹ́, ọwọ́ ẹni ni yóò gbà á. Tírígà rìfọ́fà náà tún wà níbẹ̀: ó ń fẹ́ agbára bíi páùn 12 kó tó yìn. Ẹ wo nǹkan tí ìwọ̀n rẹ̀ ò tó páùn kan, kí ẹ wá fi ìka kan ṣoṣo fa páùn 12 lára rẹ̀, kó má sì mì. Ẹni tó ti ń yìnbọn fún ogún ọdún lè ṣe é. Èmi ò lè ṣe é ní aago méjì òru. Ibi ìfojúsùn iwájú àti ti ẹ̀yìn sún mọ́ra gan-an lórí ìbọn kúkurú, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe kékeré fi ń di ńlá kí ọta tó dé ibi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀, irú ìbọn yìí ni wọ́n ń gbé fún obìnrin tó bá kọ́kọ́ wọlé. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí mo mọ obìnrin méjì tó rà á, tí wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wọ́n. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Ìbọn tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba olówó rẹ̀ ò ní ṣe é láǹfààní lọ́jọ́ ìṣòro, ó sì lè pa ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìṣòro ò sí.

Èkejì tí mo yìn ni Glock 19, ìbọn tó ń lo àpò ọta. Ọmọ Austria ni Gaston Glock. Kò tíì ṣe ìbọn rí nígbà tó ṣe ti àkọ́kọ́ rẹ̀, Glock 17, tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Austria gbà ní 1982. 19 yìí, tó kéré díẹ̀, jáde ní 1988, ó sì ń gba ọta 15. Kò sí bọ́tìnnì ìdènà kankan lára rẹ̀ níta. Abẹ́ kékeré kan wà láàárín tírígà, bí ìka ò bá tẹ̀ ẹ́, tírígà ò ní lọ. Inú ibẹ̀ sì ni irin kan wà tó ń dí abẹ́rẹ́ ìbọn tó ń gún ìdí ọta lọ́nà títí tírígà yóò fi sún sẹ́yìn, kó má bàa yìn bí ó bá já bọ́. Tírígà rẹ̀ rọ̀ ju ti rìfọ́fà yẹn lọ ní ìlọ́po méjì. Ọta mẹ́wàá tí mo yìn, mẹ́sàn-án ló ba páálí.

Inú mi dùn. Mo wá fẹ́ fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn fúnra mi láti fi ọta sí i, kò sún. Mo tún fà á, ó sún dé ìdajì. Nígbà tí ó yá, ọwọ́ mi ti rẹ̀, mo di ìbọn náà mú gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ikarahun ọta tó yẹ kó fò jáde há sẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ mi ní kì í ṣe ẹ̀bi ìbọn. Irú ìbọn yìí nílò ọwọ́ tó dúró ṣinṣin kí irin òkè rẹ̀ tó lè lọ kó sì bọ̀. Bí ọwọ́ bá ń bá a sún, kò ní rí ìdúró. Ó ní ọgbọ́n kan wà tó jẹ́ pé a máa ń ti ìdímú síwájú dípò ká kàn máa fa irin sẹ́yìn, ó sì ràn mí lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò tó.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé láti ọwọ́ lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tó kéré jù nínú páálí ni mo ń lò níbi iṣẹ́. Ẹ yẹ ìbọn wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá dì í mú sókè dáadáa, kí ọ̀pá ìbọn àti egungun apá yín wà lórí ìlà kan. Ẹ wo ibi tí ìka ìfábẹ̀là yín gúnlẹ̀ sí lórí tírígà. Bí orí ìka ò bá dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ yí ìbọn náà lọ́wọ́, ó tóbi jù fún yín. Bí ìka bá kọjá lọ dé oríkèé rẹ̀, ó kéré jù. Ọ̀pọ̀ ìbọn òde òní ní ẹ̀yìn ìdímú tí a lè tú, ká fi èyí tó tinrin tàbí tó nípọn dípò rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀. Nǹkan kékeré yìí ló ń pinnu bóyá ọta á lọ síbi tí ẹ ń wò tàbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nípa bí ọta ṣe tóbi tó, tí àwọn ọkùnrin fi máa ń jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní. Ní oṣù Kẹrin 1986, àwọn FBI kojú ọlọ́ṣà méjì ní Miami, méjì nínú àwọn FBI kú. Wọ́n di ẹ̀bi púpọ̀ ru ọta tí wọ́n lò, wọ́n wá èyí tó lágbára jù, wọ́n gba ọta 10mm (ìbú ọta ni nọ́ńbà yìí), wọ́n tún gba ọta .40 tó jáde ní 1990. Nígbà tí yóò fi di 2016, wọ́n ti padà sí 9mm, nítorí wọ́n ti ń ṣe ọta 9mm tó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì ń yìn ín bá ju èyí tó tóbi lọ. Bí wọ́n bá rìn ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n ti gbéra, èmi ò ní rin ìrìn náà.

Ohun tó gba oorun lójú mi ni ti òòlù. Ìbọn bíi Glock ò ní òòlù tí ojú lè rí. Ẹ lè mú un lọ́wọ́, kó ní ọta nínú, kó ṣetán, kó sì rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí kò ní nǹkan kan nínú lójú ẹni tí kò mọ̀. Ṣakabùlà bàbá mi ò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ: òòlù rẹ̀ wà lókè, ọmọ kékeré pàápàá mọ ìyàtọ̀. Ohun tó ń fa ọ̀pọ̀ jàǹbá nínú ilé ni pé èèyàn á yọ àpò ọta kúrò, á gbàgbé pé ọ̀kan ṣì wà nínú ọ̀pá, á sì fa tírígà. Àwọn ìbọn kan wà tí kì í yìn bí àpò ọta ò bá sí lára wọn, ọ̀pọ̀ ló sì wà tó ń yìn. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè èwo ni tirẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó bá já bọ́ láti orí tábìlì, nítorí ní 2017, àwọn èèyàn rí i pé ìbọn olókìkí kan lè yìn fúnra rẹ̀ bó bá fi igun kan balẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì gba àwọn ìbọn náà padà láti tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìbọn bá ń bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó balẹ̀. Ìka tó ń sáré gbá ìbọn mú nínú afẹ́fẹ́, tírígà ló sábà máa ń bá.

Ní ìgbẹ̀yìn, Shield EZ ti 9mm ni mo rà. Smith & Wesson kọ́kọ́ gbé oríṣi rẹ̀ tó ń gba ọta .380 jáde ní 2018, ti 9mm sì tẹ̀ lé e ní 2020. Ọta mẹ́jọ ló ń gbà, ẹni tó bá ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n mú kí irin òkè rẹ̀ rọ̀ débi pé ọwọ́ mi fà á láìjà, lẹ́yìn wákàtí méjìlá níbi iṣẹ́ pàápàá. Irin kan wà lẹ́yìn ìdímú rẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ fún mọ́lẹ̀ kó tó lè yìn. Èyí ní àléébù tirẹ̀, mi ò ní fi pamọ́: bí ìbẹ̀rù bá mú kí èèyàn dì í mú láìdáa, kò ní yìn nígbà tí a fẹ́ kó yìn. Mo ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọwọ́ mi títí kò fi tún ṣàṣìṣe níbẹ̀. Mo tún mú èyí tó ní bọ́tìnnì ìdènà fún àtàǹpàkò. Olùkọ́ mi ò fẹ́ ẹ, ó ní ohun kan ni tí ìbẹ̀rù lè mú èèyàn gbàgbé. Òótọ́ ló sọ fún ara rẹ̀. Ó ń dá gbé. Àbíkẹ́yìn mi ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Kí n tó mú un kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wádìí, nítorí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pe díẹ̀ nínú àwọn tó ṣe ní 2020 padà nítorí òòlù inú wọn. Tèmi ò sí lára wọn.

Ohun tó sì mú ọkàn mi balẹ̀ jù lọ kéré ju èékánná lọ: irin kan lórí ìbọn náà tó máa ń yọ sókè bí ọta bá wà nínú ọ̀pá. Ẹ ò nílò iná. Ẹ ó fi orí ìka kàn án.

Ilé tí mò ń gbé ló kàn. Ní Nàìjíríà, búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án la fi ń mọ ògiri, ọta ìbọn ìléwọ́ sì sábà máa ń lù ú dúró. Ògiri inú ilé níbí, páálí ẹfun méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípọn tó ìdajì ínǹṣì, òfìfo ló wà láàárín wọn. Ọta 9mm á gba inú ògiri mẹ́ta mẹ́rin irú rẹ̀ kọjá. Ọta tí orí rẹ̀ ní ihò, tó máa ń fẹ̀ tó bá wọ ara, ló yẹ ká fi sínú ìbọn ilé, ṣùgbọ́n ẹfun lè dí ihò yẹn kó sì máa lọ bí ọta lásán. Nítorí náà, èmi àti ọkọ mi rìn yí ilé ká lọ́jọ́ kan, láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá, à ń wo ẹ̀yìn ògiri kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ń sùn síbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo la rí tí mo lè dúró sí kí n yìn láìjẹ́ pé ọmọ wà níwájú mi.

Ohun kan ṣì kù, mo sì ń kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Ní 2021, èèyàn 48,830 ni ìbọn pa ní Amẹ́ríkà. 26,328 nínú wọn ló fọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Kò sí bọ́tìnnì ìdènà tó lè dá olówó ìbọn fúnra rẹ̀ dúró. A kì í fẹ́ sọ ọ́ láàárín wa, a máa ń ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ti bá ìyá kan jókòó tí òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Èmi àti ọkọ mi ti fohùn ṣọ̀kan pé bí ìrònú bá wọ ẹnikẹ́ni lára nínú wa, ìbọn yóò jáde kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní ìlú Katy ni yóò sì bá wa gbà á pamọ́. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, inú àpótí irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ló ń wà. Bọ́tìnnì tí ìka ń tẹ̀ ló fi ń ṣí, kò lo bátìrì. Òfin Texas pàápàá kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹnì kan bá fi ìbọn tó ní ọta sílẹ̀ síbi tí ọmọ tí kò tíì pé 17 ti lè rí i mú.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo fi WhatsApp pe bàbá mi. Ó ti fi ìgbẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó lọ mọ́. Mo ṣí ìbọn náà, mo yọ gbogbo ọta rẹ̀, mo gbé e síwájú fóònù.

"Àbẹ̀kẹ́, èyí náà ni wọ́n ń pè ní ìbọn níbẹ̀?"

"Òun ni, Bàbá."

"Òòlù rẹ̀ dà?"

Mo ní inú ló wà. Ó dákẹ́. Mo ṣàlàyé irin kékeré tó ń yọ sókè fún un, mo sì fi orí ìka hàn án bí mo ṣe ń kàn án. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó mirí.

"Níbo lo máa ń gbé e sí tó o bá ń sùn?"

Mo gbé fóònù lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo fi àpótí náà hàn án.

"Ẹnu rẹ̀ kọjú síbo?"

Mi ò rò ó rí. Mo wo àpótí, mo wo ògiri tó kọjú sí. Òdìkejì ògiri yẹn ni ibùsùn àbíkẹ́yìn mi wà. Mo gbé fóònù kalẹ̀ láìpa á, mo gbé àpótí náà kúrò níbẹ̀ lọ sí apá kejì yàrá, mo yí i kó kọjú sí ògiri ìta, níbi tí bíríkì wà. Nígbà tí mo padà gbé fóònù, bàbá mi ò tíì kúrò lórí rẹ̀.

"Ó ti kọjú síbo báyìí?"